Àáró Àwọn Onígbàgbọ́



Àáró kò ṣe àjèjì sí àwa ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ a kó ara wọn jọ. Lónìí wọn a ro oko ti ẹnìkan, lọ́la wọn a kọjá sí oko ti ẹlòmíràn, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Bí ẹnìkan nínú wọn kò bá wá, kò di ìgbà tí a bá béèrè: poro tí ó yẹ kí ó ro wà níbẹ̀ láìro, gbogbo ojú sì rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan kò bá wá sí ọjà, ta ni yóò mọ̀?

Ǹjẹ́ ìjọ wa, oko àáró ni, tàbí ọjà? A ń kún ilé Ọlọ́run li Ọjọ́ Ìsinmi, a ń kọrin, a ń gbọ́ Ọ̀rọ̀, a sì ń tú ká. Arákùnrin kan lè wà li abà oko rẹ̀ nínú àìsàn fún oṣù kan. Opó kan lè máa sunkún lóru. Olùkọ́ kan tí a gbé lọ sí ìletò lè bẹ̀rẹ̀ sí tutù nínú àdúrà. Ẹlòmíràn ti jókòó sí ipò wọn. A kà wọ́n nínú ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n a kò wá wọn.

Li ọdún 1742, àwọn tí ń tẹ̀lé John Wesley, àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ọ̀nà àti san gbèsè ilé ìpàdé wọn ní Bristol. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ méjìlá-méjìlá, ẹnìkan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ olúkúlùkù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí àwọn agbowó wọ̀nyí ti ń ti ilé dé ilé, wọ́n bá àwọn tí ìwà wọn kò bá ìgbàgbọ́ wọn mu. Owó ni wọ́n wá lọ, ọkàn ni wọ́n bá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́ wọ̀nyí ṣe di ibi ìtọ́jú ọkàn.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní ilẹ̀ wa. Li ọdún 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn infulúẹ́ńsà, J. B. Sadare àti àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's, tí í ṣe ti Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó ara wọn jọ fún àdúrà. A mọ̀ wọ́n sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Sophia Odunlami, olùkọ́, wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn dìde lórí ìrìbọmi ọmọ-ọwọ́ àti lílo oògùn, wọ́n sì kúrò nínú Ìjọ wa li ọdún 1922. Àwa kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. A kọ ọ́ kí àwa alàgbà àti olùkọ́ lè bi ara wa pé: nígbà tí àwọn díẹ̀ bá ń gbàdúrà nítòsí wa, àwa ha ń jókòó tì wọ́n bí, tàbí a dúró lókèèrè, a ń fura sí wọn?

Ẹ wo ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń hun aṣọ lórí òfì, lẹ́yìn náà ni a óò rán wọn pọ̀. Ẹyọ kan kò lè bo ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n láìsí ẹyọ, kò sí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ kékeré rí nínú Ìjọ Ọlọ́run.

Nítorí náà a bẹ̀ yín, kí àwọn ará mẹ́jọ tàbí méjìlá ní àdúgbò kan máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n ka Ìwé Mímọ́, kí wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn, kí wọ́n sì gbàdúrà. Olúwa wa kò dúró de ọ̀pọ̀ ènìyàn; méjì tàbí mẹ́ta tó fún Un (Mátíù 18). Kí a má ṣe sọ ọ́ di ibi òfófó: ọ̀rọ̀ tí a bá fi omijé sọ níbẹ̀, níbẹ̀ ni kí ó kú sí. Kí a má sì sọ ọ́ di ẹgbẹ́ aṣọ àti àsè. Bí ẹnìkan kò bá wá, kí ẹlòmíràn tọ̀ ọ́ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì bá a ro poro rẹ̀.

Kí Olùṣọ́-Àgùntàn Rere, ẹni tí ó mọ àwọn tirẹ̀ li orúkọ, fún wa ní ojú tí ń wá ọmọnìkejì. Àmín.