Apá tí Wọ́n ti Lò Kí Olówó Tó Dé

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2014, àwọn ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńláńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà jókòó láti pín àwọn ọ̀dọ́ tó mọ eré náà jù láàárín ara wọn. Orúkọ Brady Aiken ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọmọ ọdún 17 ni, iléèwé girama Cathedral Catholic ní San Diego ló ti ń ṣeré, Yunifásítì UCLA sì ti ń retí rẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù ni, ọwọ́ òsì ló fi ń jù ú. Houston Astros ló mú un, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí mílíọ̀nù 6.5 dọ́là.

Àyẹ̀wò ara ló da gbogbo rẹ̀ rú. Àwọn Astros ní iṣan tó so egungun mọ́ra nínú ìgúnpá rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sì dun ọmọ náà rárá. Ẹgbẹ́ dín owó rẹ̀ kù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.1. Àwọn tó ń ṣojú fún un ní ara ọmọ le koko, pé ẹ̀tàn ni wọ́n fẹ́ fi gba ọjà ní ẹ̀dínwó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, tí gbèdéke pé, Astros sún un sókè dé mílíọ̀nù márùn-ún. Wọn ò gbà. Ilẹ̀ ṣú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ síwèé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, Aiken bọ́ sórí pápá ní Florida, kò sì pẹ́ tó fi jáde. Iṣan náà ti já. Iṣẹ́ abẹ tí Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe fún ajubọ́ọ̀lù Tommy John ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974 ni wọ́n ṣe fún un: wọn a yọ iṣan láti ibòmíràn nínú ara, wọn a fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Tommy John padà sórí pápá ní 1976, ó sì ń jù títí di 1989. Ìtàn tiẹ̀ yìí làwọn òbí máa ń rántí. Ti Aiken kò rí bẹ́ẹ̀. Cleveland gbà á ní 2015 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5, ṣùgbọ́n kò dé líìgì àgbà títí dòní. Ààyè tí Astros rí gbà ní ọdún kejì nítorí pé Aiken kò fọwọ́ síwèé ni wọ́n fi mú Alex Bregman, tó wà lára àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ fún wọn ní 2017.

Èmi kò dá ìdílé Aiken lẹ́bi. Dókítà tí olùrà san owó fún ló yẹ ọjà wò. Ta ni kò ní fura? Ohun tó ká mi lára ni pé ìgbà tí owó wọ ọ̀rọ̀ náà ni ìgúnpá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun àríyànjiyàn.

Àwọn onímọ̀ tó bá Dókítà James Andrews ṣiṣẹ́ ní Alabama gbé àwọn ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ apá fún sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí nǹkan kan kò ṣe. Èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn tó ń fi apá tó ti rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù léraléra ni wàhálà náà bá jù, ìlọ́po 36. Àwọn tó ń díje ju oṣù mẹ́jọ lọ lọ́dún tẹ̀ lé wọn, ìlọ́po márùn-ún. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń jù ú jù yìí náà làwọn tó ń wá ọ̀dọ́ eléré máa ń tètè rí, nítorí gbogbo ìdíje ni wọ́n ń lọ.

Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ni tiwa ní Araromi-Obu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú oko rọ́bà níbẹ̀ yóò lóye ọ̀rọ̀ yìí kíá. Igi rọ́bà á tó ọdún márùn-ún sí méje kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bí wọ́n bá ń gé e láìjẹ́ kó sinmi, oje rẹ̀ á gbẹ, ewé rẹ̀ á sì ṣì tutù yọ̀yọ̀ lókè. Àwọn ọmọkùnrin wa ń gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé láàárọ̀, wọ́n tún ń gbá fún àdúgbò nírọ̀lẹ́. Bí orúnkún bá wú, wọ́n á fi omi gbígbóná àti róòbù pa á. Òjò kò ní dá wọn dúró bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ láti Èkó wá wo ọmọ ní Ọ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká má bẹ̀rù àyẹ̀wò. Ní 1996, Inter Milan ra Nwankwo Kanu lọ́wọ́ Ajax; lẹ́yìn tó gba góòlù Òlíńpíìkì, àyẹ̀wò wọn fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ní àléébù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà lóṣù Kọkànlá ọdún náà, ó padà gbá bọ́ọ̀lù, ó dé Arsenal ní 1999.

Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, kó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED ní Oǹdó nígbà tí kò tíì sí olùrà kankan lójú ọ̀nà. Kí wọ́n wo orúnkún, kí wọ́n wo ọkàn, kí wọ́n wo ojú. Kí ìwé àyẹ̀wò náà wà lọ́wọ́ bàbá fúnra rẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà iye oṣù tó yẹ kí ọmọ fi sinmi lọ́dún.