Ṣé Sùúrù ni Yíyan Odì?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ìjà tó le jù kì í ní ariwo. Ìyàwó á gbé oúnjẹ sórí tábìlì, á ní kí ọmọ lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ọkọ á jẹun tán, òun náà á rán ọmọ yẹn kan náà pé kó wá kó abọ́. Wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan, síbẹ̀ “ẹ káàárọ̀” kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó di oṣù. Ẹni tó ń yan ẹnì kejì rẹ̀ lódì báyìí kì í ka ara rẹ̀ sí oníwà búburú. Ohun tó máa ń sọ ni pé òun kò bú ẹnikẹ́ni, òun kò na ẹnikẹ́ni, òun kàn pa ẹnu òun mọ́ ni. Lójú tirẹ̀, ìwà ọmọlúàbí lòun ń hù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láàárín tọkọtaya, láàárín ọ̀rẹ́, láàárín ọmọ ìyá, bí èébú ṣe jìnnà sí ọmọlúàbí náà ni yíyan odì ṣe jìnnà sí i.

Àṣà wa fúnra rẹ̀ dà bí ẹni ń gbèjà onítọ̀hún. Àwọn àgbà ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Wọ́n tún ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Òtítọ́ ni pé ẹni tí inú ń bí lè sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀bẹ̀ kò ní lè parẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí irú òwe bẹ́ẹ̀ ń kọ́ wa ni bí a ó ṣe ṣa ọ̀rọ̀ sọ àti ìgbà tó yẹ kí a sọ ọ́. Kò sí èyí tó ní kí a gbé ọ̀rọ̀ mì títí láé. Àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí àwọn onímọ̀ bá sì ń ka ohun tó para pọ̀ di ọmọlúàbí, wọ́n a ka ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, akínkanjú, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé. Ẹni tó ń ṣe sùúrù ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ kó má baà dun ẹnì kejì. Ẹni tó ń yan odì ń fi í pamọ́ kó lè dùn ún. Ète wọn ló yàtọ̀, bí ìdákẹ́ wọn tilẹ̀ jọra.

Pé irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dunni kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 2003, Naomi Eisenberger, Matthew Lieberman àti Kipling Williams tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí ènìyàn 13 máa bá àwọn mìíràn ju bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí ẹ̀rọ ń ya àwòrán ọpọlọ wọn. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ju bọ́ọ̀lù sí wọn mọ́. Ibì kan nínú ọpọlọ tó máa ń ta jí bí ìrora ara bá ń báni ló ta jí. Ènìyàn 13 kò pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkọ̀sílẹ̀ àjèjì nínú eré lásán bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ti ẹni tí a jọ ń sùn máa ṣe? John Gottman, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Washington, ka kíkọ̀ láti dáhùn mọ́ ìwà mẹ́rin tó ń tú ìgbéyàwó ká. Ó rí i pé àyà ẹni tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lù kìkì. Nítorí náà ló ṣe ní kí wọ́n sinmi ná, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n tó padà sórí ọ̀rọ̀. Níbi pípadà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. “Jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná, a ó sọ ọ́ lálẹ́” yàtọ̀ pátápátá sí ẹ̀yìn tí a kọ síni.

Nínú ẹsẹ Ifá tí onímọ̀ Ifá, Wándé Abímbọ́lá, gbé yẹ̀ wò lọ́dún 1975, Ìwà, ọmọ Sùúrù, ni ìyàwó Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà ń ráhùn sí i ṣáá títí obìnrin náà fi kúrò nílé, ayé ọkọ sì dojú rú. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni ohun tí Ọ̀rúnmìlà ṣe lẹ́yìn náà. Kò jókòó sílé kó máa retí kí ìyàwó wá bẹ òun. Ó gba ilé awo kan dé òmíràn, ó ń fi orin béèrè Ìwà. Ọlọ́gbọ́n tí gbogbo ayé ń wá bá fún ìmọ̀ràn ló ń la ẹnu kiri níta gbangba nítorí aya rẹ̀.

Ní ayé tiwa, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni òkun pín níyà, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì ní Ìbàdàn. Fóònù nìkan ni ìlẹ̀kùn tó so wọ́n pọ̀. Láti ọdún 2014 tí àmì búlúù ti dé orí WhatsApp, ẹni tí a ń yàn lódì ń rí i kedere pé a ti ka iṣẹ́ tí òun rán. Òmíràn á tún lọ pa òwe sí sítátọ́ọ̀sì, kí gbogbo ayé kà á, àfi ẹni tó yẹ kó bá sọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́ ni yíyan odì ṣá o. Obìnrin tí ọkọ ń lù, tó dákẹ́ kó má baà tún jẹ ìyà, kò yan ẹnikẹ́ni lódì. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó ní kó sọ̀rọ̀. Àtakò tó ṣòro jù sí ohun tí mo ń sọ ni ti ọjọ́ orí. Ọmọ kò lè dédé bá bàbá tó ń yàn án lódì wí. Ó lè bẹ àgbà kan kó bá òun bá bàbá sọ̀rọ̀, ọ̀nà tó dára sì nìyẹn, ṣùgbọ́n bí bàbá bá kọ̀, ọmọ kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe. Nítorí èyí, ọrùn ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo gbé ẹrù náà kọ́: bàbá, ìyá, ọkọ, ẹ̀gbọ́n. Ìdákẹ́ wọn ló wúwo jù, àwọn sì ni a kì í bi léèrè. Ìtẹríba tí a ń retí lọ́dọ̀ ọmọ kò fún àgbà láṣẹ láti fi ẹnu dídì jẹ ẹ́ níyà. Kí àgbà pe ọmọ náà jókòó, kó sọ ohun tó dun òun, kó sì gbọ́ èsì rẹ̀ tán kó tó tún lanu.