Ilé Ni Wọ́n Fẹ́ Yọ, Ènìyàn Ni Wọ́n Gé Dànù

Ní ọjọ́ 24, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin márùn-ún tò síwájú àwọn ayàwòrán ní Davos, ìlú tí àwọn olówó àti olórí ayé ti máa ń pàdé lọ́dọọdún ní Switzerland. Òkè yìnyín wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ ló kó wọn jọ. Greta Thunberg, ọmọ Sweden tí gbogbo ayé mọ̀, ló dúró láàárín. Luisa Neubauer wá láti Jámánì, Isabelle Axelsson láti Sweden, Loukina Tille sì jẹ́ ọmọ Switzerland. Ẹni karùn-ún, tí ó wà ní ìpẹ̀kun lápá òsì, ni Vanessa Nakate, ọmọ Ùgáńdà. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú wọn.

Nakate kì í ṣe ẹni tó kàn ń kọjá lọ tó bá wọn ya fọ́tò. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ló ti ń gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn lọ sójú títì Kampala, nígbà tí ooru ìlú rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé Davos.

Associated Press, ilé iṣẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn káàkiri ayé ń gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, gbé fọ́tò náà jáde. Orí mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Nakate kò sí. Ó bọ́ sórí Twitter, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi yọ òun kúrò, ṣebí ọ̀kan nínú wọn ni òun. Ó tún ṣe fídíò kan, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Àlàyé tí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe ni pé ìkánjú bá ayàwòrán, pé ilé kan tó wà lẹ́yìn Nakate ń ba ìrísí fọ́tò jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé e. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tó bá wo ojúlówó fọ́tò náà yóò rí ilé ọ̀hún. Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó ní láti kórìíra ẹnikẹ́ni kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀. Ilé ni ẹni tó ń gé fọ́tò ń wò. Ẹni tó ra fọ́tò náà kò mọ̀ pé ilé kankan wà níbẹ̀ rí. Ọmọ aláwọ̀ funfun mẹ́rin ló rí, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé àwọn ni wọ́n ń jà fún ayé, pé Áfíríkà ń sùn.

Wọ́n fi odindi fọ́tò rọ́pò èyí tí wọ́n gé, Sally Buzbee tó jẹ́ olóòtú àgbà ibẹ̀ nígbà náà sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àfi bí ẹni pé wọ́n jọ dìmọ̀ pọ̀ ni, ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters náà pe Nakate ní Natasha Mwansa, ọmọ Zambia. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó yẹ kó ti dúró láàárín. Òun náà bi wọ́n pé ṣé dandan ni kí ọmọ Áfíríkà máa dúró láàárín nítorí ìbẹ̀rù kí wọ́n má baà gé e kúrò. N kò tíì gbọ́ èsì gidi kan sí ìbéèrè yẹn.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí Barack Obama, nígbà tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣáájú ìgbà náà tún yàtọ̀, torí òun kò dúró fún fọ́tò rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, nígbà tí epo ilé iṣẹ́ BP ń tú sínú òkun, ìwé ìròyìn The Economist gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́: òun nìkan létí òkun Louisiana, ó dorí kodò bí ẹni tí ayé sú. Nínú fọ́tò tí Larry Downing ti Reuters yà, ènìyàn méjì ló wà pẹ̀lú rẹ̀: Thad Allen, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ etíkun, àti Charlotte Randolph, aláṣẹ àgbègbè náà. Wọ́n gé Allen kúrò, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà pa Randolph rẹ́. Olóòtú kan ní The Economist ní àwọn yọ obìnrin náà kí ó má baà rú òǹkàwé lójú. Bí ẹni mẹ́ta tó jọ dúró ṣe di ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìṣòro borí nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, kò dìgbà tí ilé iṣẹ́ ńlá bá dá sí i. Fóònù ọwọ́ wa tó o ṣe. Ẹ wo fọ́tò olóṣèlú tó ń dé orí WhatsApp lásìkò ìdìbò, tàbí fọ́tò ìsìnkú tí wọ́n ti gé ìyàwó kejì kúrò létí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ gé fọ́tò, ẹ ka orí tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì tún un kà lẹ́yìn náà. Bí iye rẹ̀ bá dín, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀.