Ẹ̀rí Aláìsàn àti Òfin Kẹsàn-án



Ìbéèrè kan ń bẹ tí ó ti ń dà mí láàmú láti nǹkan bí ọdún 3 sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé wa ti oṣù yìí. Òun nìyí: ó ha ṣe é ṣe kí ènìyàn jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí kò sí irọ́ kan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó sọ? Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, èmi ìbá dáhùn kíá pé kò ṣe é ṣe. Nísinsìnyí, n kò lè yára dáhùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Gbogbo ẹni tí ó ń sìn ní Ìpetumodù níhìn-ín mọ bí ó ti máa ń rí lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. Àlùfáà a ti súre, a ó ti kọ orin ìkẹyìn, ṣùgbọ́n àwa àgbà kì í tètè lọ sí ilé. A ó dúró lábẹ́ igi, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà ara wa. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ yóò sọ tirẹ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn yóò sọ tirẹ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yóò sọ nípa òru tí wọn kò fi ojú ba oorun. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi wí pé, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi lò fún yín." N kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀ a máa sọ ènìyàn di ẹni àdádó, nítorí ara ilé pàápàá a máa rẹ̀ ní ìgbà tí ó bá yá; ẹni tí irú rẹ̀ ń ṣe ni kì í rẹ̀ láti gbọ́.

Lábẹ́ igi bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti jẹ́rìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń ṣe mí, ó ti tó ọdún 11. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ewúro ní òròòwúrọ̀, nígbà tí mo sì lọ wọn ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ó ti wálẹ̀ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, bi mí léèrè ohun tí mo ṣe tí ara mi fi mókun tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ewúro ni o. Láti ìgbà tí mo ti ń mu ún ni ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀." Òtítọ́ ni mo sọ. Mo ń mu ewúro. Ẹ̀jẹ̀ mi sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé n kò fi hóró oògùn tí dókítà fún mi sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àti pé ní oṣù 2 ṣáájú ìgbà náà ni dókítà fi hóró mìíràn kún un. Kì í ṣe pé mo fi í pamọ́. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn ni. Hóró oògùn ti di ohun ojoojúmọ́ fún mi bí ẹni ń bọ́jú ní òwúrọ̀. Ewúro ni ó jẹ́ tuntun, òun ni ojú mi sì rí.

Ọ̀rẹ́ mi fi oògùn tirẹ̀ sílẹ̀, ó di ewúro mú. Kò tó oṣù 4 lẹ́yìn náà tí ẹ̀gbà fi kọlu apá rẹ̀ ọ̀tún. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé kíkọ fún ọdún 34 kò lè di kálàmù mú mọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, kò bá mi wí rárá. Ó ní bóyá òun ni kò mu ewúro náà tó. Ìbá sàn fún mi kí ó bú mi ju kí ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ẹ̀bi mi kọ́, níwọ̀n ìgbà tí n kò sọ fún un pé kí ó fi oògùn sílẹ̀. Mo ti sọ èyí fún ara mi nígbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni òfin kẹsàn-án ń dáàbò bò? Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nìkan ni òfin náà ń ṣọ́, ó tó kí ẹnu náà má purọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà mẹ́nu kan ẹnìkejì. Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe fi í lélẹ̀, kí ó má bàa ti ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ wa pàdánù ilé rẹ̀, tàbí orúkọ rẹ̀, tàbí ẹ̀mí rẹ̀. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń jẹ́rìí kò lè fi ẹ̀yìn ti "òtítọ́ ni mo sọ" kí ó sì sinmi. Ó di dandan kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Nígbà tí mo bá dákẹ́, kí ni ẹni yìí yóò gbà gbọ́?"

Ohun méjì ni a máa ń dà pọ̀ nínú ẹ̀rí aláìsàn. Ọ̀kan ni ohun tí ó ṣe é. Èkejì ni ohun tí ó wò ó sàn. Nínú ti àkọ́kọ́, aláìsàn ni ọ̀gá, kò sì sí dókítà tí ó lè bá a du ipò náà. Obìnrin kan nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ni ó sọ fún mi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, èyí tí a ń pè ní lisinopril, mú òun wúkọ́ gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́. Èmi náà ń lo oògùn yẹn, mo sì ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 7, mo ń fi oyin àti oríṣiríṣi oògùn ikọ́ lé e. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ dókítà lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà máa ń ṣe àwọn ẹlòmíràn, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ikọ́ náà sì lọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wa: ẹ̀rí tirẹ̀ rán mi lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀rí tèmi mú ọ̀rẹ́ mi kúrò níbẹ̀.

Ní ti ohun tí ó wò wá sàn, àbá ni a ń dá. Àìsàn tí ó pẹ́ lára a máa lọ, a máa bọ̀, gẹ́gẹ́ bí omi odò ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ìrora bá dé góńgó ni a máa ń sáré wá oògùn tuntun. Bẹ́ẹ̀ ìrora tí ó ti dé góńgó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí a mu kẹ́yìn ni yóò sì gba ọpẹ́. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru tilẹ̀ burú ju èyí lọ, nítorí kì í pariwo: ara ènìyàn lè le koko nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ní irú àrùn bẹ́ẹ̀, "ara mi yá" kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ohun kan sì tún ń bẹ tí a kì í rántí. Ẹni tí ewé náà kò ràn lọ́wọ́ kì í wá dúró lábẹ́ igi láti jẹ́rìí sí i. Òmíràn nínú wọn ti wà ní ibojì.

Òfin tí a fi fún Ísírẹ́lì kò gbójú fo ọ̀ràn yìí. Nínú ìwé Léfítíkù, ẹni tí a fura pé ó ní ẹ̀tẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kéde pé òun mọ́. Àlùfáà ni yóò wò ó. Bí kò bá dá a lójú, yóò sé e mọ́ fún ọjọ́ 7, yóò tún un wò, ó sì lè tún sé e mọ́ fún ọjọ́ 7 sí i. Nígbà tí Olúwa wa pàápàá wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ó rán wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà kí a lè yẹ̀ wọ́n wò. Kì í ṣe pé ó ń ṣiyèméjì sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ìyá wa amọ̀kòkò ní ìlú yìí mọ ohun kan náà ní ọ̀nà tiwọn: bí ó ti wù kí ìkòkò dára tó lójú nígbà tí ó bá ti inú iná jáde, ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò fi ìka kàn án kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí ojú kì í rí gbogbo ibi tí amọ̀ ti sán.

Ìtàn kan ń bẹ tí ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, ó sì kan àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí mo mẹ́nu kàn lókè. Ẹni-Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, ọmọ Yorùbá, ní oògùn ìbílẹ̀ kan fún àrùn yìí, tí ẹbí rẹ̀ ti ń lò tipẹ́. Ìbá ti máa fi ẹ̀rí àwọn tí ó lò ó tà á, ta ni ì bá sì dá a lẹ́bi? Kàkà bẹ́ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó gbé e tọ NIPRD lọ, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí oògùn ní Abuja, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 82 jọ. Fún oṣù 6, àwọn kan mu oògùn náà, àwọn ìyókù mu ohun tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ wọn fún oṣù 6 mìíràn. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń mu, bẹ́ẹ̀ ni dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ kò mọ̀. Ní 2001 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: iye ìgbà tí ìrora ńlá ń dé sí àwọn aláìsàn dín kù nígbà tí wọ́n ń mu oògùn tòótọ́. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò wí pé ó wo àrùn náà sàn, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ tí a fi bí ọmọ ni ó wà. Wọ́n ní ìrora dín kù; ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí.

Ó dùn mí pé ìtàn náà kò parí dáadáa. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn náà ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 2008 gbèsè ti bo ilé-iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, oògùn náà sì di ohun ọ̀wọ́n fún àwọn tí ó ti gbára lé e. Síbẹ̀síbẹ̀, ìwà Ẹni-Ọ̀wọ̀ yẹn kò bá gbèsè lọ. Ó jẹ́ kí a fi ìka kan ìkòkò rẹ̀.

Ṣáájú èyí pàápàá, nítòsí wa níhìn-ín, ní Yunifásítì Ifẹ̀ tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ọ̀mọ̀wé Sofowora àti Isaacs kọ̀wé ní 1971 pé omi gbòǹgbò igi àtà, tí àwọn bàbá wa fi ń rin orín, a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, wọn kò sọ ọ́ nípa ọmọ ènìyàn. Irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe aláìní lábẹ́ igi.

Àwọn tí ń ta oògùn gbogbo-àrùn nínú ọkọ̀ láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi. Owó ni wọ́n ń wá, gbogbo wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. (Bí ẹ bá ra ìgò lọ́wọ́ wọn, ẹ ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ wẹ́wẹ́. Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára oògùn ewé kò túmọ̀ sí pé a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wo ohun tí olùtajà ní ó ń wò.) Àwa tí a kò gba kọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa léwu jù, nítorí a gbà wá gbọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, oògùn ha kọ́ ni ó wọ́n? Owó ìfẹ̀yìntì ọ̀rẹ́ mi kì í dé déédéé, ewúro sì wà lẹ́yìnkùlé. N kò ní ìdáhùn tí ó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn sí èyí. Lẹ́yìn tí àìsàn náà dé ni mo mọ̀ pé ó ti ń dá oògùn rẹ̀ dúró ní ìparí oṣù tẹ́lẹ̀ rí, kí n tó dárúkọ ewúro. Ojú tì í láti sọ pé òun kò ní owó. Èmi sì fún un ní ìdí tí kò ti ojú. Bí a bá ti mọ̀ pé àìlówó ni, dókítà ìbá wá èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ fún un, àwa ìjọ náà ìbá sì dá owó díẹ̀ jọ. Kò sí ẹni tí ó lè dá owó fún ohun tí a fi ewé bò.

Ní ti àwọn tí ó rò pé hóró oògùn ń dín ìgbàgbọ́ kù, ẹ ka ìtàn Hesekáyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wòlíì ti mú ìlérí ìwòsàn wá láti ọ̀dọ̀ Olúwa, síbẹ̀ ó ní kí a mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá lẹ̀ mọ́ oówo rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó kọjá, ìyá kan dá mi dúró, ó ní òun gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀. Mo ronú kí n tó la ẹnu. Mo sọ orúkọ hóró oògùn méjèèjì, àti ìgbà tí dókítà fi èkejì kún un. Mo sọ pé mo dín iyọ̀ kù, pé mo ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ní oṣooṣù, àti pé mo ń mu ewúro pẹ̀lú ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ó ṣe ohunkóhun. Mo sọ ti ọ̀rẹ́ mi fún un, láìdárúkọ rẹ̀. Ó fi sùúrù tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ó ní, "Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Ewúro náà, ṣé tútù ni ẹ ń fọ̀, àbí ẹ ń sè é?"

Mo fà á jókòó, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.