Ṣé Erùpẹ̀ Ìlú Lè Purọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Àwọn ayàwòrán kan láàárín wa ń fi erùpẹ̀ ṣe wọ́tákọ́lọ̀, ìyẹn ọ̀dà olómi, dípò kí wọ́n rà á lọ́jà. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ wọ́n tún ní ẹni tó bá fi erùpẹ̀ Ìdànrè ya òkè Ìdànrè, àwòrán rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ ju ti ẹni tó fi ọ̀dà inú túùbù yà á lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A ó bu erùpẹ̀ pupa, a ó gún un, a ó fi asẹ́ kù ú. A ó da omi sí i, a ó rò ó, iyanrìn á rọ̀ sísàlẹ̀. Omi pupa tó wà lókè la ó rọra dà sí abọ́ mìíràn. Tó bá silẹ̀ tán, a ó da omi orí rẹ̀ nù, a ó sì sá èyí tó kù sóòrùn. Oje igi tí wọ́n ń pè ní gum arabic, tó ń ti ìhà Borno àti Yobe wá, la ó fi pò ó. A ó fi oyin díẹ̀ sí i kó má baà sán, àti òróró kànáfùrù kó má baà bu. Lẹ́yìn náà la ó lọ̀ ọ́ lórí gíláàsì títí yóò fi kúnná. Ẹ ti rí i báyìí: ọ̀dà “Ìdànrè” yìí, igi òkè ọya ló dì í mú!

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ya òkè náà. Irin tó wà nínú erùpẹ̀ ẹsẹ̀ òkè ló mú un pọ́n, bí irin tó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n òkúta gírànáìtì ni òkè fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lókèèrè láàárọ̀, ṣé pupa ló ń rí ni? Rárá o. Òkè yẹn á ṣe bí eérú, á tún fẹ́ jọ aró. Ojú sánmà wá ńkọ́? Kò sí erùpẹ̀ tí a ó bù níbẹ̀. Aró la ó lò, ewé ni wọ́n sì fi ń ṣe aró, ewé ò kúkú sí lójú sánmà. A jẹ́ pé ojú ló ń jẹ́rìí, kì í ṣe erùpẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ tún wo Siena, ìlú kan ní Ítálì. Erùpẹ̀ rúsúrúsú tí wọ́n ń wà ní agbègbè rẹ̀ lókìkí débi pé orúkọ ìlú náà ló di orúkọ àwọ̀ yẹn káàkiri ayé. Lónìí, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ Siena, ibòmíràn ni wọ́n ti wà á, tàbí kí ilé iṣẹ́ ṣe é. Ẹni tó fi ya pápá gbígbẹ ò purọ́, tí pápá náà bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ orúkọ ìlú sára ohun tí kò ti ìlú náà wá ló yẹ ká bi léèrè. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Èrè wo ló wá wà nínú wàhálà yìí? Èrè pọ̀. Ẹni tó ń ṣe ọ̀dà fúnra rẹ̀ á mọ ilẹ̀. Á mọ̀ pé erùpẹ̀ rúsúrúsú máa ń pọ́n tí a bá yan án, àti pé erùpẹ̀ kì í ṣá lóòrùn bíi ti òdòdó. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé: nínú ihò Blombos ní South Africa, wọ́n rí ìkarahun tí èèyàn fi po erùpẹ̀ pupa ní nǹkan bí 100,000 ọdún sẹ́yìn. N'Ílé-Ifẹ̀ tiwa, àwọn obìnrin ló máa ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè lọ́dọọdún. Òjò á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un kùn. Moyo Okediji, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1989, kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ wọn, òun náà sì fi erùpẹ̀ yàwòrán. Lójú tèmi, ohun tó so irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kì í ṣe erùpẹ̀ nìkan. Pípadà tí wọ́n ń padà wá ni.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ kàn wá. Ìwọ tó ń pariwo pé ọ̀dà rẹ ti inú ilẹ̀ wá, ilẹ̀ yẹn ní onílẹ̀. Ṣé o tọrọ? Ihò tí o gbẹ́, ṣé o dí i? Tí òjò bá dé, àgbàrá ò ní bèèrè bóyá iṣẹ́ ọnà lo fi ibẹ̀ ṣe.

Àwa òǹkọ̀wé náà, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ewì tó kún fún ìlù, ẹmu àti iṣu kò tíì di òtítọ́ torí pé ohun ilẹ̀ wa ló kún inú rẹ̀. Ẹni tí ò wo ìlú rẹ̀ dáadáa lè fi èdè ìlú náà gan-an purọ́ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ bu erùpẹ̀ yín, mi ò ní kẹ́ ẹ má bù ú. Ṣùgbọ́n ẹ kí onílẹ̀, ẹ dí ihò, kí ẹ sì wo òkè náà títí kí ẹ tó yà á.