Ẹ̀gúsí Lójú Sánmà: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọkọ̀ kan gbéra láti Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ sí Ibùdó Àgbáyé tí ń yí ayé po ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè. Ẹ̀gúsí ilẹ̀ wa, tí wọ́n mú láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà nínú ẹrù rẹ̀. Temidayo Oniosun, ọmọ Nàìjíríà, ni ó ṣe ètò bí ó ṣe lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n dá irúgbìn náà padà sáyé, kí àwọn onímọ̀ lè mọ̀ bóyá ìrìn àjò náà yí i padà.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: èwo ni ti ẹ̀gúsí lójú sánmà nígbà tí ọbẹ̀ kò tíì tó ará ilé? Ìbéèrè òpè kọ́ nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Kàdúná tí a wà yìí, ìbẹ̀rù àwọn agbébọn ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko. Àwọn àgbà sì ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí ni a rí lókè ọ̀hún? Kò sí òjò, kò sí ilẹ̀. Omi pàápàá kì í ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ńṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, tí ó sì lè sé èémí mọ́ ọn nínú. Iná mànàmáná ni oòrùn ọ̀gbìn. Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú jẹ ewé létúùsì tí wọ́n gbìn níbẹ̀ ní ọdún 2015, ayé gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo etí odò Kàdúná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi sí ebè tòmátì àti àlùbọ́sà, òun náà ń ṣọ́ omi lò. Ta ni ó gbọ́ tirẹ̀? Ọwọ́ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn ti kọ́kọ́ jáde. Bí irúgbìn bá lọ, tí ìmọ̀ rẹ̀ kò sì padà sí oko, a ja àgbẹ̀ lólè ni.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ó yẹ, bí ọ̀nà àbọ̀ bá wà. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ ni láti la ọ̀nà náà, kí a sọ ohun tí irúgbìn náà fi hàn ní èdè tí àgbẹ̀ yóò gbọ́, ìbáà ṣe Yorùbá tàbí Haúsá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Oko sì ni ilé ẹ̀gúsí.