Ojú Ẹni, Ilé Ẹni

Ní ọjà Òjé, n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí àwọn aláṣọ òkè bá ń ná ọjà wọn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn máa ń gbọ́ kí oòrùn tó mú. Ọ̀kan ni, "Ta ló ní kó o yà mí?" Èkejì ni, "Pa á rẹ́! Pa á rẹ́ lójú mi!" Ẹ̀kẹta, ẹnu ọkùnrin ló sábà máa ń ti wá: "Owó wa dà?" Òde ni mo fi ń jẹun, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìwúyè. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí òde kò bá sí, mo máa ń gba Bẹẹrẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba, kí n lè ya ìlú tí wọ́n bí mi sí. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó ìyẹn fún mi. Lóde ìnáwó, ńṣe ni àwọn èèyàn ń ti ara wọn kí kámẹ́rà mi lè rí wọn. Láàárín ọjà, tí n kò ti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dì mí láṣọ mú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí mò ń rò mọ́ àdúrà. Ojú tí èèyàn gbé jáde sí gbangba, ti ta ni? Ṣé ti ẹni tó gbé e jáde ni, àbí ti gbogbo ẹni tó bá lójú láti rí i?

Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìdáhùn lẹ́nu: gbangba ni gbangba ń jẹ́, ohun tí ojú bá rí, kámẹ́rà náà lè rí i. Wọ́n á tún fa Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 yọ. Abala 37 rẹ̀ dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ó dárúkọ ilé, ó dárúkọ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù, kò dárúkọ ojú ẹni tó ń ta ata lẹ́bàá títì. Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ là ń lọ, wọ́n lè jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ni èèyàn lè jàre ẹ̀ nílé ẹjọ́ tí kò yẹ ọmọlúàbí. Bí mo bá wo ìyá aláta, òun náà ń wò mí, ọ̀mì ni. Bí mo bá yà á, mo gbé e lọ sílé nìyẹn. Mo lè jókòó lọ́gànjọ́ kí n máa wò ó, mo lè fi han ẹni tí kò mọ̀ rí, mo lè tà á. Òun kò tún ní lè wò mí padà.

Àwọn míì á ní páálí lásán ni, tàbí pé iná orí fóònù lásán ni. Àwa Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1978, ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé jáde nípa bí àwa Yorùbá ṣe ń lo fọ́tò. Nínú ohun tó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún ni pé fọ́tò ti ń bọ́ sí ipò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí páálí kan ṣoṣo, kí ó dà bíi pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tó wà láyé á wọ aṣọ èyí tó lọ, wọ́n á sì tún un yà. Ta ló lè dúró níwájú ìyá irú ìbejì bẹ́ẹ̀ kó sọ pé páálí lásán ló gbé dání?

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í bá àwọn tó ń fi àwọn ará ọjà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá kan á pariwo pé, "Ẹ fẹ́ lọ fi mí ṣowó ni!" Ọ̀mọ̀wé á ní òpè ni. Èmi náà kò gbà pé fọ́tò lè pa ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ibi tí ìyá ìbejì ti rí ìtùnú gan-an ni ìyá ọlọ́jà ti rí ẹ̀rù: pé ohun tó jọ mí ní nǹkan mi nínú. Ọ̀mọ̀wé fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó kàn ń fi ìwé bò ó ni. Ẹ gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ wo pósítà àwọn olóṣèlú lẹ́yìn ìbò, kí ẹ wo iye tí wọ́n ti họ ojú rẹ̀. Ta ni wọ́n ń họ lójú, bébà ni?

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kò kà sí. Lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ̀kọ́lá, láyé fíìmù, èèyàn kì í sáré yàwòrán. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó ti inú àpótí jáde. Ọ̀gá mi á ní, "Jókòó dáadáa." Ọwọ́ méjèèjì á wà lórí orúnkún, ẹsẹ̀ á dúró ṣinṣin, fìlà á gún, aago ọwọ́ á hàn, ojú á kọjú sí wa láìrẹ́rìn-ín. Àwòrán yẹn ni wọ́n máa gbé kọ́ pálọ̀. Òun náà ni àwọn ọmọ máa gbé fún alálímánákì lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Ohun tí yóò dúró fún èèyàn nígbà tí kò bá sí mọ́ ni, ó sì fẹ́ yan bí yóò ṣe dúró.

Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Ọjà Ọba ló là á yé mi. Ó ti so ìró àlòkù mọ́ àyà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ sì gba orí àlùbọ́sà yẹn lọ́nà tó lè mú ayàwòrán gbàgbé oúnjẹ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí n yà á. Ó ní, "Ọmọ mi, bó o bá fẹ́ yà mí, wá sílé lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo bá múra. Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?"

Àwa tí à ń yàwòrán ìgboro gbà gbọ́ pé ìgbà tí èèyàn kò bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun ni òtítọ́ rẹ̀ máa ń jáde. Pé ìmúra jẹ́ ìbòjú. Ìyá alálùbọ́sà kò gbà. Lójú tirẹ̀, ọjà ni iṣẹ́ tó ń ṣe, òun kọ́ ni ọjà. Ẹni tó jẹ́ gan-an ni ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe kó tó jáde sáàárín ẹgbẹ́. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, n kò rí ibi tí mo lè gbà já a ní koro. Kí ló dé tí ohun tí mo jí wò lára rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ ju ohun tí ó fúnra rẹ̀ fi hàn lọ? Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ẹ̀yìn orí ló yà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán wọ̀nyẹn. Ojú kò hàn nínú wọn. Síbẹ̀, ọ̀wọ̀ ńlá ni àwọn àwòrán náà ń bù fún àwọn tó ni orí.

Mùsùlùmí ni mí. Ní àsàlátù wa, bí ọ̀rọ̀ àwòrán bá délẹ̀, Hádíìsì tó kìlọ̀ ìyà fún àwọn tó ń ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí ni àwọn kan máa ń gbé kalẹ̀. Àwọn míì á dáhùn pé fọ́tò kì í ṣe ìṣẹ̀dá, òjìji ni kámẹ́rà kàn mú dúró. Muhammad Bakhit al-Muti'i, tó jẹ́ Mufti Íjíbítì nígbà kan, kọ̀wé ti èrò kejì yìí lẹ́yìn. Àríyànjiyàn yìí kò ní tán, pàápàá níwọ̀n ìgbà tí àwọn aáfà tó ń kọ̀ ọ́ náà ń gbé fọ́tò ara wọn sórí ìwé ìkéde wáàsí. Hádíìsì mìíràn ni kì í jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní ọkùnrin kan yọjú wo inú ilé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun láti ojú ihò, nígbà tí Òjíṣẹ́ ń fi òòyà họ orí. Òjíṣẹ́ sọ fún un pé ká ní òun mọ̀ pé ó ń wo òun ni, òun ì bá fi òòyà náà gún un lójú, àti pé nítorí ojú gan-an ni wọ́n ṣe ní kí èèyàn máa gba àyè kó tó wọlé. Ẹ ò rí i pé ojú lòfin yẹn ń bá wí, ẹsẹ̀ kọ́. Nínú Súúrà Núúr, ẹsẹ 27 àti 28, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa kí á má ṣe wọ ilé onílé láìgba àyè àti láìkí wọn. Bí wọ́n bá sì ní kí á padà, kí á padà.

Wọ́n lè ní ọjà kì í ṣe ilé. Fún ta ni? Ẹni tó ní ọgbà àti géètì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń fi ọjà tọ́mọ, ẹ̀gbẹ́ igbá rẹ̀ ló ti ń fún ọmọ lọ́mú, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń sùn bí oòrùn bá mú, ibẹ̀ ló ti ń sunkún gbèsè. Gbogbo ohun tí olówó ń ṣe lẹ́yìn ògiri, gbangba ni tálákà ti ń ṣe é. Bí a bá wá sọ pé gbangba kò ní àṣírí, tálákà nìkan la gba àṣírí lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló kù tó ní bí ilé. Ó yẹ kí á kan ìlẹ̀kùn.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Láàárín 1999 sí 2001, Philip-Lorca diCorcia, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, so iná kámẹ́rà sókè ní Times Square ní New York, ó dúró lókèèrè, ó ń ya àwọn tó ń kọjá láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Baba arúgbó kan tó jẹ́ Júù wà lára wọn. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti pàtẹ ojú òun, wọ́n sì ń tà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ó pẹjọ́; ó ní ẹ̀sìn òun kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní 2006, ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù. Wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ni, òfin sì dáàbò bo iṣẹ́ ọnà. Mo ti rí àwòrán baba náà. Iṣẹ́ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí baba gbé wá síwájú adájọ́, pé "Ọlọ́run mi kò fẹ́ èyí", kò yí ìdájọ́ padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí àwọn yòókù tó ń dì mí láṣọ mú. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, mò ń ya ojú títì tí omi ti gbé lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba, tó ń gba ohun tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò, fò dìde. "Ta ló fún ẹ láṣẹ?" Ó yọ bátìrì kámẹ́rà mi, ó sì dá mi dúró títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa: ó jọ ti ìyá alálùbọ́sà. Àmọ́ ìyá yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ipò rẹ̀. Òfin kan wà láti 1962 tó ka yíya àwọn ibi tí ìjọba ń dáàbò bò léèwọ̀. Ihò ojú títì kò sí lára wọn. Ipò kò ní ojú tí ìtìjú lè mú. Owó ìlú ló fi wọ aṣọ yẹn, ohun tó bá fi aṣọ náà ṣe, ti ìlú ni, ìlú sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá 2020, fídíò kan nípa ìwà àwọn agbófinró, tó wá láti Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta, ló tanná ran ìwọ́de EndSARS. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó gbé fóònù dání kọ́kọ́ lọ gba àyè lọ́wọ́ wọn ni, kí ni à bá rí?

Ẹni tó ń béèrè "Owó wa dà?" ní tirẹ̀, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń tà. Bí mo bá fún un ní owó, ìyá alálùbọ́sà kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, n kò sì tíì gba àyè lọ́wọ́ ìyá.

Mo mọ ohun tí ìkíni ń gbà lọ́wọ́ ayàwòrán. Bí o bá ti ní "Ẹ kú ọjà o, ìyá mi," wọ́n á tún gèlè ṣe, ìmọ́lẹ̀ á ti yí, ohun tó o rí kò ní padà wá. Àdánù ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti ṣèlérí fún ayàwòrán pé gbogbo ohun tó bá wù ú ni yóò mú lọ sílé, àdánù tèmi kò sì sọ ìyà ẹlòmíì di ẹ̀tọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayàwòrán, ẹ kí èèyàn kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú. Bí ó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Bí ó bá ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú rẹ̀, kí ẹ má bá a jiyàn òfin. Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ má ṣe dákẹ́ bí wọ́n bá jí ojú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tó ń ya alágbára tó ń fi ipò jẹ yín níyà, ẹ má bá wọn gbá a mú. Ẹ̀rí yín ló ń kó jọ.